Àwọ̀ Tí Gílóòbù Ilé Ìdáná Fi Pamọ́

Bí ẹ bá gbé àwòrán yín dé ọ̀dọ̀ Ìyá Kò-parọ́, tí ẹ wá sọ fún un pé, "Màámi, ẹ bá mi jẹ́ kí pupa yẹn tàn díẹ̀ sí i," ẹ ti wá ìjàngbọ̀n nìyẹn. Á kọ́kọ́ wò yín látòkè délẹ̀. Á bọ́ ìgò ojú rẹ̀, á nù ún, á gbé e padà sójú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni á wá ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kùn ún ni àbí èmi? Bí pupa yín bá tàn, fíìmù mi á sọ pé ó tàn. Bí kò bá tàn, ẹ gbé e lọ sílé kí ẹ lọ tún un kùn. Fíìmù mi kì í parọ́." Ibi tí orúkọ yẹn ti wá nìyẹn. Àwọn ayàwòrán ló kọ́kọ́ fi ń bú u lẹ́yìn, àfi bí òun fúnra rẹ̀ ṣe gbọ́, tó sì gbà á tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ nígboro. Kì í ya ìyàwó, kì í ya ọmọ tuntun, kì í ya òṣèlú tó ń fi eyín hàn. Àwòrán tí èèyàn bá fi ọ̀dà kùn ló máa ń yà ní fọ́tò, nítorí àwọn tó ń tẹ ìwé àti àwọn tó ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà kì í fẹ́ kí wọ́n máa ru àwòrán ńlá wá bá wọn. Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Bí fọ́tò náà bá wá parọ́ àwọ̀, ẹni tó kun ojú sánmà á dà bí ẹni tó kun omi gọ́tà, wọ́n á sì dá a padà fún un.

Ẹ má sì rò pé ó rọrùn o. Ojú èèyàn, ẹlẹ́tàn ni. Ẹ wọ ẹ̀wù funfun, kí ẹ jókòó sábẹ́ gílóòbù ilé yín, ojú yín á ní funfun ni, torí ó ti mọ̀ ọ́n ní funfun láti àárọ̀, òun àti gílóòbù yẹn sì ti di ọ̀rẹ́. Ẹ wá fi fíìmù tí wọ́n ṣe fún oòrùn ya ẹ̀wù kan náà lábẹ́ gílóòbù ọ̀hún. Á pọ́n bí èèpo ọsàn. Ẹ yà á lábẹ́ àwọn iná gígùn tó máa ń wà ní ọ́fíìsì, á di àwọ̀ ewé, bí ẹni pé inú ń run ẹ̀wù náà. Fíìmù ò ní ọ̀rẹ́ ní tiẹ̀. Iná tó bá bá níbẹ̀ ló ń gbà.

Nítorí náà, yàrá iwájú tí Ìyá Kò-parọ́ fi ṣe ibi iṣẹ́, òkùnkùn biribiri ni. Pátákó dúdú ló dí fèrèsé rẹ̀ pa, torí bí oòrùn àti gílóòbù bá pàdé lórí àwòrán kan, apá kan á pọ́n, apá kejì á di búlúù, kò sì sẹ́ni tó lè là wọ́n níjà mọ́. Ó gbé iná ńlá kan sọ́tùn-ún, ó gbé ọ̀kan sósì, ó sì fi okùn wọn ọ̀nà wọn kí ọ̀kan má bàa sún mọ́ àwòrán ju èkejì lọ. Fíìmù tí wọ́n dìídì ṣe fún irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ ló ń rà. Bí gílóòbù bá sì ti ń darúgbó, tí iná rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, kì í dúró dìgbà tó bá kú kó tó yọ ọ́. Aṣọ dúdú ló ń wọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí lọ́jọ́ kan tó gbàgbé tó wọ súwẹ́tà pupa, àwọ̀ súwẹ́tà náà ta sórí àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jáde bí ìgbà tí wọ́n pa màlúù síbẹ̀. Kó tó ya ohunkóhun, á gbé páálí kékeré aláwọ̀ eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, á ya méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá fọ fíìmù tán tí páálí náà jáde ní àwọ̀ eérú gẹ́lẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á tún un yà, ì báà ṣe ọba ló ni àwòrán.

Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀, oníkọ́kọ́rọ́ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní ìkángun òpópónà, ibẹ̀ ló ti ń gé kọ́kọ́rọ́ tó ń tún àgádágodo ṣe. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tó fi ń jáde, torí òwúrọ̀ kùtù làwọn èèyàn máa ń ti ara wọn mọ́ta, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àwàdà rẹ̀ kì í sì í pariwo. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń bínú, á ní, "Ìyá wọn, rọra o, má jẹ́ kí gílóòbù jó."

Nígbà tó bá ti ṣọ́ọ̀bù, tó jẹun tán, ó máa ń gbé àwòrán tiẹ̀ kalẹ̀ ní ilé ìdáná, á sì máa kùn ún. Ẹ̀gbẹ́ férémù ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ló fi ṣe ohun tó ń gbé e kọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kò sì fi í han ará ìta rí. Ìyàwó rẹ̀ á kọjá lọ bu omi, á ní, "Ó mà dára o, Bàbá wọn," òun náà á ní, "Lọ jókòó jọ̀ọ́," ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á dùn débi pé á máa súfèé. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn ló ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ya ọ̀kan ní fọ́tò. Èsì kan náà ni ọkọ rẹ̀ ń fún un: "Ọjọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọmọ wọn obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá kí wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó sì bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń parí àwòrán kan. Ìyá rẹ̀ ni bàbá kùn síbẹ̀: ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó wọ súwẹ́tà búlúù, ó ń fi aṣọ nu lẹ́ǹsì kámẹ́rà, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú bó ṣe máa ń tẹ̀ bí nǹkan bá ń dùn mọ́ ọn. Ọmọ náà sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Bàámi, gbọ̀ngàn ńlá tó wà láàárín ìgboro ń wá àwọn tí kò tíì pàtẹ rí. Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rí. A sì ní ẹni tó ń ya fọ́tò nínú ilé yìí, àbí a ò ní?"

Bàbá ní wọn ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ayé. Ọmọ ní kò sẹ́ni tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ní òun ò gbà. Nígbà tí ọmọ máa fi wọ bàtà pé òun ń lọ, ó ti gbà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ya àwòrán náà, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ yà. Ìyá Kò-parọ́ rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe é pẹ̀lú, torí ó rí i tí ọkùnrin náà ń ṣí bọ́tìnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, tó tún ń dè é.

Ó ṣiṣẹ́ náà bí ẹni pé ọba ló rán an. Ó pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì. Ó fi okùn wọn ọ̀nà wọn, ó tún un wọ̀n. Ó gbé páálí eérú kalẹ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kì í wo àwòrán, iná ló ń wò: ibi tó ti ń dán, ibi tó ti ṣú. Ó yà á tán, ó gbé fíìmù fún afọfíìmù tó máa ń bá a fọ̀ ọ́, ó sì padà sílé lọ retí, òun àti ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí fíìmù dé, bàbá ti ṣọ́ọ̀bù kí ọjọ́ tó rọ̀. Irú fíìmù tí wọ́n kì í tẹ̀ sórí pépà ni, ojú iná ni wọ́n máa ń gbé e sí tí èèyàn á fi rí àwòrán inú rẹ̀. Ìyá Kò-parọ́ tan tábìlì gíláàsì tó máa ń fi wo fíìmù, ó tẹ́ ẹ sí i, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Obìnrin tó jókòó nínú fíìmù yẹn, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tó ti wà lórí àìsàn fún ìgbà pípẹ́. Eérú ni, eérú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Súwẹ́tà rẹ̀ búlúù débi pé ó ń pariwo, gbogbo ohun tó kù nínú àwòrán ń sá fún un. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ tó yẹ kó funfun ti di yẹ́lò bí ìwé tó pẹ́ nínú àpótí. Páálí eérú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọ̀ eérú gẹ́lẹ́ ló ní, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀.

"Báyìí ló ṣe rí?" Bàbá béèrè.

Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu láti sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ayé, ó sì gbé e mì.

"Má ṣèyọnu," ọkọ rẹ̀ ní. "Mo mọ̀. Fíìmù rẹ kì í parọ́." Ó nàró, ó fọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀. "Ara mi ni mo ti ń tàn jẹ. Mo rò pé mo kun ìyàwó mi, àṣé òkú ni mo kùn."

Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó kó gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀ àpótí irin iṣẹ́, ó da àwọn àgádágodo tó ti dípẹtà lé e lórí. Ó kọjú àwòrán náà sí ògiri ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, bó bá jẹun tán, á jókòó sídìí tábìlì, á máa tú àgádágodo. Kò bínú o. Ì bá sàn ká ní ó bínú. Ó kàn dákẹ́ ni, ó ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá a sọ, àmọ́ kò súfèé mọ́. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ ilé náà dà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ọmọ wọn gbọ́, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. "Màámi, kí ló le níbẹ̀? Ẹ sọ fún un pé fíìmù ló bàjẹ́."

"Kí n parọ́ fún bàbá rẹ?"

"Irọ́ kékeré ni, Màámi."

"Kò sí kékeré nínú irọ́ àwọ̀," ìyá dáhùn, ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Orí kunkun ni, ẹ bá mi sọ ọ́.

Àmọ́ ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún débi pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òun ni òun ṣe àṣìṣe. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ó padà lọ wo gbogbo ohun tó ṣe. Ó yẹ gílóòbù wò, wọ́n dára. Ó yẹ lẹ́ǹsì wò, ó mọ́. Ó wo páálí fíìmù bóyá ó ti pẹ́ jù, kò pẹ́. Ó ru ẹsẹ̀ lọ bá afọfíìmù, ó ní kó jẹ́wọ́, ṣé kò jẹ́ kí omi tó fi fọ̀ ọ́ gbóná jù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ooru omi o. Bí mo bá bà á jẹ́, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́." Kò rí ibì kankan tó lè na ìka sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan, oòrùn ò tíì wọ̀, wọ́n wá pe ọkọ rẹ̀ pé aládùúgbò kan ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú balùwẹ̀. Òun nìkan wá kù sílé. Ó wọ ilé ìdáná lọ gbé omi tíì kaná, ó tan gílóòbù, nítorí ilé ìdáná wọn kọjú sí ògiri ará ilé kejì, bó ti wù kí ojúmọ́ mọ́ tó, gílóòbù ni wọ́n ń tàn síbẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sára àwòrán tó kọjú sógiri. Ó ní òun fẹ́ wo ibi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti ṣìnà gan-an. Ó yí i padà.

"Háà!"

Òun ló jókòó síbẹ̀. Òun gan-an, ara rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ ń dán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ awọ rẹ̀. Súwẹ́tà jẹ́ẹ́, ògiri funfun. Kò sí òkú kankan níbẹ̀.

Ó sáré lọ mú fíìmù, ó nà án sókè sójú gílóòbù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Kò jọra. Ó dúró, ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ó gbé àwòrán náà, ó di ẹ̀yìnkùlé, lójú oòrùn. Eérú! Ó gbé e wọlé. Ó jí. Ó gbé e jáde. Ó kú. Omi tíì ti ń hó, kò tiẹ̀ gbọ́. Obìnrin ilé kejì yọrí lójú ọgbà, ó ní, "Ìyá Kò-parọ́, ṣé ẹ ń kó lọ ni?"

"A ò kó lọ. Mo ń wo nǹkan ni."

"Ẹ̀ẹ́n. Ẹ ti wò ó bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún o."

Àárín ẹnu ọ̀nà ni ọkọ rẹ̀ ti bá a, àwòrán lábíyá. "Ìyá wọn, kí ló dé?"

"Bàbá wọn, kì í ṣe ọwọ́ yín! Iná ni! Ẹ wá, ẹ wá wò ó kíá kí oòrùn tó lọ!" Ó fa ọkùnrin náà lọ́wọ́ bí ọmọge. Ó fi inú ilé hàn án, ó fi ìta hàn án. Ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. "Ẹ gbọ́. Gílóòbù kékeré yìí, yẹ́lò àti pupa ló kún inú iná rẹ̀, búlúù inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Bí ẹ bá fi búlúù díẹ̀ kùn ún lábẹ́ rẹ̀, á ṣú, ẹ ò ní rí i dáadáa, ẹ á bù sí i, ẹ á tún bù sí i. Yẹ́lò àti funfun, ọ̀kan náà ni lábẹ́ rẹ̀, èwo lẹ fẹ́ mọ̀ yàtọ̀? Pupa tó sì yẹ kí ẹ fi sójú mi, gílóòbù ló ti bá yín fi í lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò tan ara yín jẹ. Ohun tí ẹ rí gan-an lẹ kùn. Àmọ́ iná tí ẹ fi rí i ò bá yín jáde nílé."

"Àmọ́ gílóòbù náà ni ìwọ fi yà á."

"Gílóòbù ni, fíìmù mi ló yàtọ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó yọ pupa gílóòbù kúrò, kó fi nǹkan hàn bó ṣe máa rí lójú oòrùn. Ojú èmi àti ẹ̀yin ò rí i. Òun ló rí i."

Bàbá gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà gbé e wọlé, ó gbé e jáde. Ará ilé kejì ṣì wà lójú ọgbà, ó ti mú àga. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri.

"Àṣé orí mi pé," ó ní. "Àṣé orí mi ṣì pé!"

Wọ́n jókòó sí ilé ìdáná, wọ́n mu tíì tó kù. Ìyá Kò-parọ́ ń yí ife náà lọ́wọ́. Ó ní, "Mo lè tún un yà. Níbí, lábẹ́ gílóòbù yìí. Mo mọ gíláàsì aláwọ̀ tí màá fi síwájú lẹ́ǹsì tó máa fi jáde bí a ṣe ń wò ó yìí gẹ́lẹ́. Àkókò ṣì wà. Wọ́n á gbà á."

"Bí wọ́n bá gbà á, tí wọ́n wá gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn wọn ńkọ́? Ṣé irú gílóòbù yìí ló wà níbẹ̀?"

"Ojúmọ́ ló wà níbẹ̀. Òrùlé gíláàsì ni."

"Á wá dà báwo?"

"Eérú."

"Tó túmọ̀ sí pé fíìmù rẹ á ti parọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbé ife kalẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Á parọ́. Màá jẹ́ kó parọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. N ò lè máa wò yín kí ẹ máa tú àgádágodo bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá wọn. Inú mi ò dùn rárá."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ obìnrin yìí, ẹ mọ ohun tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ti tó. Pé o tiẹ̀ fẹ́ parọ́ fún mi, ó ti ju gbọ̀ngàn lọ. Má yà á. Màá kun òmíràn." Ó yí ojú káàkiri ilé ìdáná. "Ojúmọ́ ni màá ti kùn ún. Ibi tí màá ti rí ojúmọ́ ló kù."

Fèrèsé ilé ìdáná, ògiri ló ń wò. Ti yàrá tí wọ́n ń sùn, táńkì omi ló dí i. Bàbá ní bóyá kí òun máa lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ní pẹ̀lú eruku, pẹ̀lú òjò, pẹ̀lú ẹni tó ti gbé àga síbẹ̀ yẹn? Àwọn méjèèjì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ débẹ̀.

"Yàrá iwájú," ìyàwó rẹ̀ sọ níkẹyìn.

"Ibi iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

"Nígbà tí a kó wọ ilé yìí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kan pátákó mọ́ fèrèsé yẹn fún mi. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ fèrèsé yẹn nígbà náà?"

Bàbá fọwọ́ họ àgbọ̀n rẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ. Àmọ́ ìwọ náà fẹ́ ẹ, o sì ti sọ tìrẹ kí n tó la ẹnu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára. Kò sọkún, kì í ṣe ẹni tó ń tètè sọkún, àmọ́ ó tẹrí ba, ó ń kó àwọn ife jọ. Nígbà tó gbé orí sókè, iṣẹ́ ló ti wà lójú rẹ̀. Ó ní òun, òkùnkùn ni òun ń wá, òkùnkùn sì ń bọ̀ fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lé e. Kí ọkọ òun máa lo yàrá náà láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun á gba tòun.

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?" Bàbá béèrè.

"Ẹ máa ṣí i tó bá di agogo mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ara rẹ̀ mọ́ta, kó ṣe sùúrù. Ṣé èmi ni mo sọ pé kó gbàgbé kọ́kọ́rọ́?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oníkọ́kọ́rọ́ ti sọ pátákó náà di ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì, ó tilẹ̀ fi ìkọ́ irin kékeré kan sí i tó ń dún tó bá ti tì dáadáa. Ọmọ wọn ráhùn lórí fóònù pé gbọ̀ngàn ti dáwọ́ àwòrán gbígbà dúró. Bàbá ní ọdún tó ń bọ̀, ọ̀nà ló wà, kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti ń súfèé kó tó gbé fóònù kalẹ̀.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ dé. Wọ́n ṣí fèrèsé, oòrùn sì rọ́ wọlé bí ẹni tó ti ń kanlẹ̀kùn tipẹ́. Eruku tó wà nínú yàrá yẹn, ẹ má béèrè. Ìyá Kò-parọ́ gbá a, ó ń rojọ́, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wọ súwẹ́tà búlúù rẹ̀, ó jókòó, ó mú aṣọ àti lẹ́ǹsì dání bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá da ọ̀dà sórí pátákó kékeré. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ojú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Obìnrin náà dúró dè é. Kò gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì. Ó rọra yí ojú, ó rí i tí ọkùnrin náà ń wò ó, tí búrọ́ọ̀ṣì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi.

"Kí ló dé? Ṣé mo ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá o," ó ní. "Kùtùkùtù ni mo máa ń jáde, alẹ́ ni mo máa ń wọlé. N ò mọ̀ pé àwọ̀ rẹ nìyí."

Obìnrin tí kì í tètè sọkún yìí, ó yára kọjú sí fèrèsé. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún jọ̀ọ́, oòrùn ò ní dúró de ẹnì kankan. Kò sì mira títí tó fi kùn tán.